Ife Mẹ́ta Tó Kún

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Ìlọrin láti ra ẹ̀wà. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá, ó gbé e lé òṣùwọ̀n oníná, òṣùwọ̀n náà sì dún píì. Ó wo nọ́ńbà tó yọ, ó fajú ro, ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó mú hóró ẹ̀wà bíi mẹ́fà jáde, ó dá wọn padà sínú àpò. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún mú méjì sí i. Ìgbà tí nọ́ńbà náà wá rí bó ṣe fẹ́, ó so ẹnu ọ̀rá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e fún mi. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, níwájú àwọn tó tò sẹ́yìn mi, pé ní ọjà Odò-Ọwá nígbà èwe mi, ẹni tó bá mú hóró ẹ̀wà méjì padà lọ́wọ́ oníbàárà, orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á jẹ́ ẹ dàgbà? Mo gbé ẹ̀wà mi, mo jáde. Ṣùgbọ́n ohùn òṣùwọ̀n yẹn bá mi délé, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ilé-ìwé girama kan ní agbègbè wa ni mo lọ, ní ìparí àwọn ọdún 1970. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹni tí mo ń bá wí. Ìlọfà ni ilé bàbá mi, ìrìn díẹ̀ báyìí ni mo fi ń dé kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wá láti Òsì, ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ń gbé. Àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn láti Odò-Ọwá ní àràárọ̀. Nígbà òjò, ọ̀nà náà a máa di ẹrẹ̀ débi pé ọkọ̀ tó bá kó iṣu a máa sùn síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a gbé bàtà lọ́wọ́, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ nídìí kànga ilé-ìwé kí aago tó lù. Bí ẹ bá rí ẹni tí bàtà rẹ̀ mọ́ jù nínú wa ní oṣù kẹsàn-án, ará Odò-Ọwá ni, nítorí kò wọ̀ ọ́ wá.

Lẹ́yìn ilé sáyẹ́ǹsì, níbi tí koríko ti ń ga jù, ni ilé ìdáná ilé-ìwé wà. Tábìlì gígùn méjì ló wà níbẹ̀, sítóòfù mẹ́rin tí méjì nínú wọn máa ń gbà láti tàn, àti ìkòkò irin ńlá kan tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀, tí a fi ń yan búrẹ́dì àti kéèkì. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló wà, onírin, tó ní ọwọ́ pupa tó ń sáré lójú nọ́ńbà. Olùkọ́ wa tí a ń pè ní Mísìs nìkan ló ní àṣẹ láti nu eruku ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú kíláàsì wa ń pe ẹ̀kọ́ oúnjẹ tí a ń kọ́ níbẹ̀ ní kíláàsì ọbẹ̀. Bí a bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, wọ́n á béèrè bóyá iyọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wọ kíláàsì ọbẹ̀ yẹn, ìṣirò la sá fún. Obìnrin àgbà kan ló ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju "fi iyọ̀ díẹ̀ sí i" àti "jẹ́ kó jinná díẹ̀" lọ. Ohun tí ìyá wa ti kọ́ wa nílé ló tún ń kọ́ wa, a sì ń gba máàkì lé e lórí. Ayé dẹrùn. Nígbà tí a dé fọ́ọ̀mù kẹrin, obìnrin yẹn fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé Mísìs Ọláìítán wá.

Mísìs Ọláìítán kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń fi báírò há irun, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ẹnì kan ń kánjú dè é níwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ẹnì kan sọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo dìde, mo sọ ọ́ dáadáa, mo ní kí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó béèrè pé mélòó ni díẹ̀. Mo ní díẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Díẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. Jókòó." Láti ọjọ́ náà ni ìṣirò tí a sá fún ti bá wa nílé ìdáná, a kò sì tún rí ibòmíì sá sí mọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ráhùn sí i nígbà yẹn, mo gbádùn rẹ̀. Ó gé iṣu sí wẹ́wẹ́, ó kán oògùn egbò tí wọ́n ń pè ní áyódìn sí i, iṣu náà sì di dúdú bí aró lójú wa. Ó ní ohun tó ń fún wa lágbára nínú iyán nìyẹn. Ó kán an sí ẹran, kò dúdú. Ó kán an sí gaàrí, ó dúdú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ohun jíjẹ tí a kò fẹ́ kán áyódìn sí nílé, ìyá mi sì gba ìgò oògùn egbò rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi tìbínú-tìbínú.

Ó tún ní kí a po ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà, kí a fi rúlà wọn bó ṣe ga tó nínú abọ́, kí a wá fi ṣíbí onígi lù ú títí apá yóò fi ro wá, kí a tún un wọ̀n. Ẹ̀wà náà ti ga sí i. Ó ní kí ló wọ inú rẹ̀ nígbà tí a kò bu nǹkan kan kún un? Ọ̀rẹ́ mi Fọlákẹ́ ló dáhùn pé afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tó kan ògì, a gbé abọ́ kan sídìí ààrò, a gbé èkejì sí ibi tútù lẹ́bàá ìkòkò omi, a ń tọ́ méjèèjì wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, a ń fún kíkan rẹ̀ ní máàkì, Mísìs sì ń ya ìlà rẹ̀ sí pátákó. Ti ìdí ààrò gun òkè kíákíá. Mo sọ fún ìyá mi àgbà nílé, ó ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tíṣà wa. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Mísìs bó ṣe rán mi. Ó ní kí n kí Màmá, kí n sì bá òun béèrè pé wákàtí mélòó ni ti ìdí ààrò fi ń yá ju èkejì lọ. Ìyá mi àgbà ronú títí, ó ní kí n lọ bá òun ṣa igi.

Fọlákẹ́ tí mo dárúkọ yìí, ará Odò-Ọwá ni, tábìlì kan náà la jọ ń lò. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà, gaàrí àti ìrẹsì. Láti ìgbà tí Fọlákẹ́ ti tó ọmọ ọdún méje ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wọn ọjà. Bí ẹ bá rí i kí ó wọn kóńgò kan, ẹ ó dúró wò ó. Yóò da ẹ̀wà sí i kó dé ẹnu, yóò tún dà á títí yóò fi ṣe ṣóńṣó lórí, hóró kan yóò máa yí bọ́ sílẹ̀, nígbà náà ni yóò tó gbé e dà sínú àpò oníbàárà. Yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ bu èènì lé e. Àwọn oníbàárà a máa sọ pé kí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀, ọmọ náà ni kó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára.

Àwa méjìlá la wà ní kíláàsì ọbẹ̀. Ní fọ́ọ̀mù karùn-ún, pírínsípà wa sọ pé ẹni mẹ́jọ péré ni ilé-ìwé yóò forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé sítóòfù àti ohun èlò kò tó. A ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ilé-ìwé, ẹni tó bá yege ni wọn yóò mú. Àwa yòókù gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìkéde lásán, ṣùgbọ́n ojú Fọlákẹ́ yí padà. Bàbá rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ọmọ kò bá yọrí nínú ẹ̀kọ́ kankan, kí ó lọ bá àbúrò òun obìnrin ní Kàdúná, kí ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí Fọlákẹ́ ti ń ṣe dáadáa náà nìyí. Èèyàn gidi ni bàbá náà, kò sì wí i tìbínú. Ohun tó rò pé ó dára ló wí. Àpò tí wọn yóò fi kó ẹrù rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Kéèkì ni a ní láti ṣe ní ìdánwò náà. Nítorí pé òṣùwọ̀n jẹ́ ẹyọ kan, Mísìs sọ pé kí a fi ife wọn fúláwà. Ó kọ ọ́ sí pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé wa: ife mẹ́ta tó kún. Ó bọ́ síta lọ pe pírínsípà. Mo wọn tèmi, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ẹnu ife náà pẹrẹsẹ bó ti ń ṣe é ní kíláàsì. Mo gbójú sókè, mo rí Fọlákẹ́. Ó da fúláwà sí ife rẹ̀ títí tó fi ṣe ṣóńṣó. Ó gbé e dà sínú abọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu èènì lé e. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ tutù, ó ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣoore.

Ẹ lè béèrè pé ṣebí ó ti ń rí bí Mísìs ṣe ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Òṣùwọ̀n ni a máa ń lò jù, ìgbà tí a bá sì lo ife, Mísìs ló máa ń wọ̀n ọ́n fún wa. Fọlákẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé tìtorí fúláwà ilé-ìwé tí kò tó ni Mísìs ṣe ń ṣahun. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí wọ́n wá sọ pé ife tó kún, ó wọ̀n ọ́n bó ṣe mọ̀ pé ife ń kún.

Mo rí i, mo sì mọ̀ pé fúláwà rẹ̀ ti pọ̀ jù. N kò sọ nǹkan kan. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé méjìlá ni wá, mẹ́jọ ni wọ́n máa mú. Mo bojú wo abọ́ mi, mo ń ro ṣúgà.

Kéèkì Fọlákẹ́ kò wú. Ó là lórí, ó le, ó sì wúwo lọ́wọ́ bí bíríkì. Pírínsípà gé e jẹ, ó yọ áńkáṣíìfù jáde bí ẹni tó fẹ́ nu ẹnu, áńkáṣíìfù náà sì padà sápò ní wíwú. Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ ẹni mẹ́jọ mọ́ ara ògiri lọ́jọ́ kejì, orúkọ mi wà níbẹ̀, ti Fọlákẹ́ kò sí. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sunkún. Ó fi èdè ilé wa sọ pé, "Ife mẹ́ta án pè é, ife mẹ́ta mo bù. Kí mo wá ṣe?" Mísìs ti bá a wí ní tirẹ̀ pé bí ó bá ti fọ́ọ̀mù kìíní dé ìkarùn-ún tí kò lè ka ẹyọ ife mẹ́ta, òun kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe fún un.

Fọlákẹ́ mú ọ̀nà Odò-Ọwá pọ̀n, ó gbé bàtà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Bó ṣe ń lọ yẹn ló dá mi lóró jù. N kò tíì rò ó dé ibi pé bó bá lọ sí Kàdúná, tábìlì yẹn yóò ku èmi nìkan. Mo padà sí ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Mísìs pé Fọlákẹ́ mọ ìṣirò, ọ̀rọ̀ náà ni kò yé e. Mo ní, "Mà, ní ọjà wa, bí nǹkan bá dé ẹnu ife, a kì í sọ pé ó kún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ni. Ìgbà tó bá ń dà sílẹ̀ ló kún."

Mísìs Ọláìítán ní kí n dìde. Ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, ìlú ńlá ló dàgbà sí, bóyá kò wọn ẹ̀wà tà rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Fọlákẹ́, ó ní kó wọn ife mẹ́ta tó kún. Fọlákẹ́ wọ̀n ọ́n, tòun ti ṣóńṣó, tòun ti èènì. Mísìs gbé ti àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n, ọwọ́ pupa sáré, ó dúró. Ó gbé ìkejì lé e, ọwọ́ náà sáré, ó dúró síbi kan náà. Ó gbé ìkẹta. Ibẹ̀ náà ni. Mísìs fi ìka kan òṣùwọ̀n náà láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó rán mi pé kí n lọ pe olùkọ́ ìṣirò wa.

Ọ̀gbẹ́ni Jìbírílù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìlọrin, ó ga gọgọrọ, eruku ṣọ́ọ̀kì kì í sì tán lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò wọ ilé ìdáná yẹn rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àna tó wá ṣe ìbẹ̀wò, títí Mísìs fi gbé àga fún un. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó fa rúlà yọ. Ó wọn ìbú ẹnu ife, ó wọn bí ife ṣe ga tó, ó wọn ṣóńṣó orí rẹ̀, ó ṣọ́ra gan-an kí èémí rẹ̀ má baà fẹ́ fúláwà. Ó kọ ọ́ sí pátákó. Ṣóńṣó yẹn, ó ní, ìdá kan nínú mẹ́ta ni í ṣe nínú ife gbọọrọ tó bá jẹ́ pé ó ní ìbú àti gíga kan náà pẹ̀lú rẹ̀. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní kíláàsì rẹ̀, a ti kọ ọ́ sórí, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀ pé orí kóńgò ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, ṣóńṣó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ife. Èènì Fọlákẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ife mẹ́ta tó kún ti Fọlákẹ́ ti ju ife mẹ́rin ti ìwé lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Jìbírílù wo Fọlákẹ́ bí ẹni pé kò rí i rí. Ó ní, "Ìwọ yìí, ọwọ́ rẹ péye ju rúlà mi lọ." Fọlákẹ́ ní ẹ ṣé, sà. Mísìs nu pátákó, ó pa ọ̀rọ̀ náà "kún" rẹ́ nínú ìwé ara rẹ̀ pẹ̀lú, ó kọ "dé ẹnu, kí o tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ". Ó tọ pírínsípà lọ. Wọ́n pẹ́ nínú ọ́fíìsì. Nígbà tó jáde, ó ní pírínsípà gbà kí Fọlákẹ́ tún un ṣe ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, lójú òun fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ tó ti mọ́ èèyàn lára kò ṣeé yí padà bọ̀rọ̀. Ọjọ́ ọjà wà láàárín. Fọlákẹ́ mú pátákó pẹlẹbẹ kan dání lọ sídìí àtẹ ìyá rẹ̀ láti fi ṣe ìdánrawò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, ará Kòro ni, ó ní kó wọn kóńgò ẹ̀wà mẹ́rin fún òun. Fọlákẹ́ bù ú dé ẹnu, ó fi pátákó gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Obìnrin náà rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Fọlákẹ́ tún gé ìkejì. Obìnrin náà da ẹ̀wà padà, ó ká àpò rẹ̀, ó ré kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò sì lọ ní ìdákẹ́jẹ́.

Bí Ìyá Fọlákẹ́ ṣe dé ilé-ìwé wa lọ́jọ́ kejì nìyẹn, ó gba ọ̀já, ó ń mí. Mísìs kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà ní, "Ẹ dìde, tíṣà, ẹ kúuṣẹ́ o. Ọmọ mi ni mo bá wá. Án ní ùwé lẹ ń kọ́ ọ, ọmọ wá dé ulé, ó ń gé orí kóńgò. Ìyá mi é gé e rí, èmi é gé e rí. Kí la ṣe fún yín?" Mísìs kò jiyàn. Ó bẹ Màmá kí ó bá òun wọn ife kan tó kún. Ìyá Fọlákẹ́ wọ̀n ọ́n láì wo ibẹ̀, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ó sì bu èènì lé e. Mísìs gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọwọ́ pupa sáré, ó dúró gan-an síbi tí ti ọmọ dúró sí.

Ìyá Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú òṣùwọ̀n náà fún ìgbà pípẹ́. Mísìs ṣàlàyé fún un pé kò sí ẹni tó sọ pé ti ọjà kò dára, pé kéèkì ni kò mọ èènì, àti pé bí ọmọ náà kò bá wọ̀n ọ́n bí ìwé ṣe wí lọ́jọ́ Ẹtì, Kàdúná ló ń lọ. Màmá kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Fọlákẹ́ nìkan ló ń dá ètò yẹn ṣe. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ùwọ, gbọ́. Bí o bá wà ní ulé ùwé, tẹ́ ẹ. Bí o bá dé ọjà mi, kó kún." Ó kí wa, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, pírínsípà fúnra rẹ̀ wá sí ilé ìdáná. Wọ́n ní kí n dúró láti máa tan sítóòfù, nítorí èmi ló mọ èyí tó ń gbà láti tàn. Fọlákẹ́ bu fúláwà sí ife. Ó ṣe ṣóńṣó, ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe òmíràn. Ó dúró. Ó mú ọ̀bẹ, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó dà á sínú abọ́. Bó ṣe dà á tán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tún bọ́ sínú fúláwà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan bọ̀. Ọwọ́ náà dúró lókè abọ́. Mo rí Mísìs tó di etí tábìlì mú. Fọlákẹ́ yí ọwọ́ kúrò, ó da ẹ̀kúnwọ́ náà sínú sọ́sà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Pírínsípà ní, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Èènì ni, sà. N kò kà á mọ́ ọn."

Kéèkì náà wú. Pírínsípà jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìkejì, áńkáṣíìfù kò jáde. Ó lọ síbi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi báírò kọ orúkọ Fọlákẹ́ sí ìsàlẹ̀ orúkọ mẹ́jọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Òun ni ìkẹsàn-án. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá dé, máàkì rẹ̀ ju tèmi lọ. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀wé. Èmi ló ní kí n ka èsì náà fún òun, ó ní kí n tún un kà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì lọ fi hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ Kàdúná mọ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Mo gba ilé-ìwé yẹn kọjá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti fi ilé ìdáná náà kó àwọn tábìlì tó ti kán sí. Kíláàsì ọbẹ̀ ti ní orúkọ tuntun, àwọn ọmọ sì ń fi fóònù ṣírò ohun tí a fi orí ṣírò. N kò bínú sí i. Ọjà Odò-Ọwá ṣì ń ná, kóńgò ṣì ń ṣe ṣóńṣó níbẹ̀ bí iye nǹkan ti ń gòkè tó. Fọlákẹ́ di olùkọ́, ẹ̀kọ́ oúnjẹ náà ló kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti pàdé àwọn obìnrin tó ti ń di ìyá àgbà tí wọ́n sọ fún mi pé òun ló jẹ́ kí ìṣirò yé àwọn. Ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Gbogbo ìgbà tí a bá jọ wà láàárín èèyàn, yálà ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìn ìdúpẹ́, Fọlákẹ́ a fà mí lọ́wọ́ dìde. Yóò sọ fún wọn pé, "Ẹni tó lọ bẹ tíṣà fún mi nìyí. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, aránṣọ ni mi ní Kàdúná." Wọn a pàtẹ́wọ́, èmi a rẹ́rìn-ín, èmi a sì jókòó. Ogójì ọdún ló fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò sọ fún un rí pé mo ń wò ó nígbà tó ń bu ife àkọ́kọ́, pé gbólóhùn kan ì bá ti tó, pé mo ka iye wa, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Mo máa ń pinnu láti sọ ọ́, yóò tún dì mọ́ mi. Ó kú láì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.